Omi Tí Símẹ́ǹtì Mu

Fadékẹ́mi, tíṣà kẹ́mísìrì tó háyà yàrá iwájú nílé Mọ́nsúrátù, ló kọ́kọ́ sọ fún un pé símẹ́ǹtì kì í gbẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ ti mú débi pé ètè tọmọdé tàgbà ń sán. Mọ́nsúrátù jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe gàrí. Fadékẹ́mi jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó dúró síwájú tánkì ńlá kan tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọọrọ̀ páànù, ó ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá láti Ìlaro sí ilé ìwé girama tó wà lọ́nà Ìjoun, kò sì tíì mọ gbogbo ìtàn ilé náà. Tánkì ọ̀hún ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alángbá ló ń gba ojú ibi tó sán wọlé, tó ń gbà á jáde.

"Màmá, kí ló ṣe tánkì yìí?"

"Ó sán."

"Mo rí i pé ó sán. Kí ló fà á?"

Mọ́nsúrátù ju ẹ̀gẹ́ tó bó sínú abọ́. "Bóyá ojú ayé ni. Kòkúmọ́, àbúrò ọkọ mi, ló mọ ọ́n lọ́dún tó kọjá. Símẹ́ǹtì pé, irin pé, iyanrìn mọ́. Nígbà tó mọ ọ́n tán, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Èmi tiẹ̀ dáná sínú rẹ̀ kó lè gbẹ dé egungun. Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ báyìí, omi ń ti òkè wọlé, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ jáde."

Fadékẹ́mi yọ búrọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu. "Ẹ dáná sínú rẹ̀?"

"Iná gidi. Imọ̀ ọ̀pẹ pẹ̀lú igi."

"Háà, Màmá! Ẹ pa á ni. Símẹ́ǹtì kì í gbẹ o. Omi ló máa ń mu. Omi tó bá mu yẹn ló fi ń le. Ìgbà tó ṣì ń mu ún lọ́wọ́ lẹ wá fi iná gbà á lẹ́nu rẹ̀."

Mọ́nsúrátù rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀ kó tó kú, ọwọ́ ìyá yẹn ló sì ti mọ̀ pé ohunkóhun tí a bá fi erùpẹ̀ àti omi pò, iná ló ń sọ ọ́ di nǹkan. Ìkòkò tí iná kò bá jó dáadáa, omi àkọ́kọ́ tí a bá bù sí i ni yóò sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà. Ó ti rí i rí. Ta ló fẹ́ wá sọ fún un pé omi ló ń mú nǹkan le?

"Tíṣà," ó ní, "ẹ lọ fọ eyín yín."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, nítorí tánkì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tánkì lásán. Abúlé wọn wà lórí òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, ẹni tó bá gbẹ́ kànga níbẹ̀ yóò gbẹ́ ẹ títí kó tó rí omi, bóyá kó má rí i rárá. Òjò ni gbogbo ilé ń gbé igbá dè. Tí òjò bá ti lọ, ó di odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè, ọ̀nà rẹ̀ gùn, gbígùn òkè rẹ̀ padà pẹ̀lú omi lórí sì le. Mọ́nsúrátù kò lè gùn ún mọ́. Láti ìgbà tó ti ṣubú lórí òkúta odò ni ìbàdí rẹ̀ ti ń dá a lóró. Toheebat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń pọn gbogbo omi tí wọ́n ń mu, tí wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n sì fi ń fọ ẹ̀gẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ìlaro sì ti gba Toheebat. Wọ́n ti gbà á lọ́dún tó kọjá náà, kò lọ. Nílé, wọ́n ní kí tánkì dúró ná, kí omi wà nílé, kó tó lọ. Tánkì kò dúró. Toheebat kò sunkún lọ́jọ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì omi ló gbé, ó sì gba ọ̀nà odò lọ. Ní báyìí, wọ́n tún ti gbà á, tíṣà rẹ̀ àtijọ́ sì ti kìlọ̀ fún un pé wọn kì í gba ènìyàn lẹ́ẹ̀kẹta. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò wọlé.

Ìdí nìyẹn tí Mọ́nsúrátù fi lọ kan ilẹ̀kùn Fadékẹ́mi lọ́jọ́ kejì.

"Tíṣà, ẹ wá fi ohun tí ẹ sọ yẹn hàn mí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ óò bá mi yan gàrí títí ọyẹ́ yóò fi lọ."

"Mo gbà, Màmá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ óò jẹ gàrí náà."

Fadékẹ́mi rán Toheebat lọ tọrọ ìkúnwọ́ símẹ́ǹtì díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ògiri ilé ìwé wọn ṣe. Ó fi omi pò ó, ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú agolo mílíìkì méjì. Ó gbé agolo kan sórí páànù ilé ìdáná, sínú oòrùn àti ọyẹ́. Nígbà tí èkejì ti dì díẹ̀, ó rì í sínú abọ́ omi tòun ti agolo rẹ̀.

"Èyí tó wà nínú omi á yọ́," ni Mọ́nsúrátù wí.

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ó ń wò ó lóòótọ́. Àràárọ̀ ló ń ti ìka bọ inú abọ́ yẹn. Símẹ́ǹtì náà kò yọ́. Nígbà tí Fadékẹ́mi ní ó tó, wọ́n tú méjèèjì jáde lórí ilẹ̀. Mọ́nsúrátù fi èékánná ha èyí tó wá látorí páànù, ìyẹ̀fun sì dà sílẹ̀. Ó fi ọmọ odó gbá a, ó fọ́ yángá bí àkàrà tó ti pẹ́ nínú epo. Ó wá gbá èyí tó wá láti inú omi. Ọmọ odó ta padà, ó sì dún kọ̀ǹ bí ẹni lu irin. Ó tún un gbá.

"Màámi, ẹ má fọ́ ọmọ odó wa o," ni Toheebat ké.

Mọ́nsúrátù gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. "Kí ló wà nínú nǹkan yìí?"

Fadékẹ́mi lóṣòó tì í. "Òkúta ẹfun ni, irú èyí tó wà nínú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa yìí. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì yan án nínú iná tó gbóná ju iná ìkòkò lọ fíìfíì. Iná yẹn ló ń so kálísíọ̀mù inú ẹfun pọ̀ mọ́ sílíkà tó wà nínú amọ̀, ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn. Láti ìgbà náà ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń dì í sínú àpò nìyẹn, kí ọ̀rinrin má fún un lómi mu kó tó dé ọwọ́ bírikìlà. Tí omi bá wá kàn án, kì í kàn án rin lásán. Omi yẹn á wọ inú ara rẹ̀, á sì di ara rẹ̀. Nǹkan wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀gún, ojú lásán kò lè rí i. Ti ibí á hù wọ inú ti ọ̀hún, wọ́n á há mọ́ra wọn bí èèmọ́ ṣe ń há mọ́ aṣọ wa tí a bá ti oko dé. Ohun tí a ń pè ní líle símẹ́ǹtì nìyẹn."

"Tí omi bá tán kí wọ́n tó há mọ́ra tán ńkọ́?"

"Wọn kò ní hù mọ́. Ibi tí omi ti tán ni wọ́n á dúró sí."

Mọ́nsúrátù yí símẹ́ǹtì náà padà lọ́wọ́. Ó ń rántí iná tó dá sínú tánkì lọ́dún tó kọjá, bó ṣe ń koná mọ́ ọn tìfẹ́tìfẹ́, bí èéfín ṣe ń jáde lẹ́nu tánkì, tí inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìkòkò a máa dá omi padà fún iná," ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Èyí kì í dá a padà."

"Ẹ ti mọ kẹ́mísìrì, Màmá."

"Ẹ lọ bu gàrí yín."

Ó fi owó gàrí oṣù yẹn ra símẹ́ǹtì, ó sì lọ bá Kòkúmọ́ nílé. Kòkúmọ́ kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé ọkọ rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, nítorí náà ọkọ ló ń pè é.

"Ọkọ mi, ẹ kúulé o."

Kòkúmọ́ ń pọ́n ọkọ́ rẹ̀ lórí òkúta. "Ìyàwó wa! Àárò yín ti ń sọ mí níbi iṣẹ́. Ṣé àwọn alángbá yẹn fẹ́ kí n bá àwọn kọ́ yàrá kún un ni?"

"Ẹ wá wó ilé wọn ni. Tánkì tuntun ni mo fẹ́."

Ó sọ gbogbo ohun tí Fadékẹ́mi sọ fún un. Kòkúmọ́ gbọ́ ọ tán, ó sì mi orí.

"Ìyàwó, tíṣà kò parọ́. Èmi náà ń bu omi sí búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí n bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá omi. Ọ̀gá mi ní Ayétòrò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà rò pé nítorí kí oòrùn má baà là á ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Níbo lẹ ti fẹ́ rí omi tí tánkì máa mu? Èyí tí ẹ̀yin fẹ́ mu?"

"Èyí tí mo fẹ́ mu náà ni."

Kòkúmọ́ wò ó, ó wo ìbàdí rẹ̀ tó fi ọwọ́ dì mú. "Toheebat ló máa pọn ọ́n."

"Mo mọ̀."

"Ó gbà?"

"Ó ní tí tánkì bá ti lè gbé òun dé Ìlaro, òun á pọn odò yẹn tán."

Bí wọ́n ṣe wó ti àtijọ́ nìyẹn, wọ́n tún irin inú rẹ̀ nà, Kòkúmọ́ sì bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó po símẹ́ǹtì náà ki, kò jẹ́ kó ṣàn, nítorí Fadékẹ́mi ti sọ fún un pé omi àpọ̀jù nígbà pípò a máa fi ojú ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀. "Omi ìpò níwọ̀n," ó ní, "omi mímu lẹ́yìn ìgbà náà ni kó pọ̀." Kòkúmọ́ ní òun kò rí irú ọmọ tó ń mu omi lẹ́yìn tí wọ́n bí i tán rí, Fadékẹ́mi sì dá a lóhùn pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí ìyá rẹ̀ kò lọ́mú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mọ́nsúrátù fi ọwọ́ kan èyí tó kù nínú páànù ìpòǹkan lọ́sàn-án, ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni," Fadékẹ́mi ní. "Bí omi ṣe ń wọlé ni ooru ń jáde. Ẹ lọ ṣan ọwọ́ yín, á jẹ yín lára."

Nígbà tí tánkì dúró tán, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ tó tutù yí i ká bí ẹni ró aṣọ fún ènìyàn, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí rẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ dé. Toheebat á lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á tún lọ nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Omi àkọ́kọ́ tó bá gbé dé, ara àpò ìdọ̀họ ló ń lọ. Omi kejì ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Mọ́nsúrátù dín omi ìwẹ̀ tirẹ̀ kù sí àkísà tí a rì bọ omi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo abúlé gbọ́. Ìyá Rodiat, aládùúgbò wọn tí ògiri pààlà ilé rẹ̀ kò ga ju àyà lọ, kì í jẹ́ kí ojúmọ́ mọ́ láìyọjú.

"Toheebat, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé tánkì jí ire? Ó ti mu kókó?"

"Ó ti mu ún, Màmá. Ó ní kí n kí yín."

"Ṣé kò gbóná lára? Aṣọ tí ẹ wọ̀ fún un yìí pọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kó gba otútù!"

Àwọn tó ń kọjá lọ sóko á rẹ́rìn-ín. Toheebat á dá wọn lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín, ṣùgbọ́n Mọ́nsúrátù ń rí ọrùn ọmọ rẹ̀. Ọrùn náà ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà gbé omi dé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì fi orí ti ògiri. Kò lè yí ọrùn rẹ̀ padà sápá òsì.

Ìyá Rodiat yọrí lókè ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ìyá Toheebat, ẹ ṣàánú ọmọ yìí. Ẹ̀yin tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lẹ́yìnkùlé yín lójoojúmọ́, ẹ ń rán ọmọ lọ sódò nítorí símẹ́ǹtì! Ṣé tánkì mọ adùn ni? Kí ó sáà ti tutù."

Mọ́nsúrátù wo ìdí irin tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́. Omi funfun ń kán láti inú àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dì mọ́ ọn, ó ń ṣàn lọ sínú koríko lásán. Omi ni. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ṣòfò. Fadékẹ́mi sì ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìlaro lọ́sẹ̀ náà.

"Toheebat, wọlé lọ sùn," ó ní. "Mi ò rán ọ níṣẹ́ omi tánkì mọ́ títí ọrùn rẹ á fi san."

Ó gbé korobá sábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu ú sára tánkì, apá ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ tó, lójoojúmọ́ títí Fadékẹ́mi fi dé. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ibi tí òun ti lè gba ẹrù lórí ọmọ òun.

Fadékẹ́mi kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi ń fa imú. "Kí ló ń rùn bí ẹ̀gẹ́ kíkan lára tánkì?"

Mọ́nsúrátù sọ fún un. Fadékẹ́mi sáré ká àpò ìdọ̀họ sókè, ó fi èékánná kan ara tánkì, èékánná rẹ̀ sì wọlé bí ìgbà tí ènìyàn bá ha ṣọ́ọ̀kì. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ Mọ́nsúrátù tó, ojú símẹ́ǹtì náà ti rọ̀, ó ti di lẹ́búlẹ́bú.

"Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan ni, Màmá. Kíkan ni ọ̀tá ẹfun. Ó ń jẹ ẹ́. Ṣúgà inú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì mu omi bó ṣe yẹ."

Mọ́nsúrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Toheebat ti inú ilé jáde, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì wo tánkì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tòun ti ọrùn dídì.

"Padà wá," ìyá rẹ̀ ké.

"Màámi, tí n bá padà, kí ló máa mu?"

Kòkúmọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ó ha gbogbo ibi tó rọ̀ dànù títí ó fi kan ibi tó le, ó fi omi tútù fọ̀ ọ́, ó sì tún un rẹ́. "Ìyàwó," ó ní bó ṣe ń nu irin ìrẹ́lé rẹ̀, "ẹ kúkú da ìyókù ẹ̀gẹ́ yẹn sínú rẹ̀, ká yan án pọ̀ di gàrí." Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ yẹn nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Ká máa gbàdúrà."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ omi odò. Ìyá Rodiat kò kí tánkì mọ́. Nígbà míì, korobá omi kan á kàn wà lórí ògiri pààlà láàárọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò sọ pé òun ló gbé e síbẹ̀.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tòun ti ìjì. Páànù dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sí i lórí, omi sì ń ti ọ̀ṣọọrọ̀ rọ́ wọ inú tánkì. Toheebat dúró sínú òjò, ó fi etí lé ara tánkì, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kún. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Báàgì rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí òjò dá, tí omi ń fà lára tánkì, wọ́n rí i. Gbogbo ara yòókù ti ń gbẹ lójú oòrùn, ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò gbẹ, ní ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ó ń sun omi. Ẹ̀kán kan á yọ, á dúró díẹ̀, á sì ṣàn lọ sílẹ̀.

Toheebat wọlé lọ. Mọ́nsúrátù gbọ́ ìró síìpù báàgì, lẹ́yìn náà ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó aṣọ padà sórí okùn inú yàrá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fadékẹ́mi mú abẹ́rẹ́ wá, ó gbìyànjú láti tì í bọ ojú ìlà náà. Kò wọlé. Ó dìde, ó sì dọ́gbọ́n wo ojú Mọ́nsúrátù kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, mi ò ní ṣèlérí fún yín. Tó bá ṣe pé ìṣó lè wọ ojú sísán yìí, mo máa ní ká pe Bọ̀dá Kòkúmọ́ padà. Ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú ni. Àwọn ẹyọ símẹ́ǹtì kan ṣì wà nínú ibẹ̀ tí kò tíì rí omi mu rí, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni omi yìí ń gbà kọjá. Wọ́n lè mu ún kí wọ́n sì hù dí ojú ọ̀nà. Ẹfun tó yọ́ sínú omi náà sì wà, tó bá jáde tó kan atẹ́gùn, ó máa ń padà di òkúta. Ó lè dí ara rẹ̀."

"Ó lè?"

"Ó lè. Ó sì lè má dí."

Toheebat dáhùn láti inú ilé, ohùn rẹ̀ korò. "Àǹtí Fadékẹ́mi, tí kò bá dí, ṣé kẹ́mísìrì á pọn omi fún Màámi?"

Mọ́nsúrátù ló dáhùn. "Wọn kò tíì wọlé ní Ìlaro. Fi aṣọ yẹn sílẹ̀ kó máa wà lórí okùn, ṣùgbọ́n má gbé báàgì padà sórí àjà."

Ó mú èédú kan nínú ààrò, ó sì fi í fa ìlà sí ibi tí omi náà tutù dé lára tánkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó lóṣòó síbẹ̀. Omi ṣì ń sun, ó sì kọjá ojú ìlà èédú. Ó fa òmíràn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé etí ibi tó tutù ti ń sá sẹ́yìn sínú ìlà èédú, bíi ti odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé ohun funfun kan ti ń dì sí ojú sísán náà, bí omi ọmú tó gbẹ sí ètè ọmọ. Ó fi ìka kàn án. Ó le.

Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó tì í pẹ́, ó ń wo ẹ̀kán kan tó yọ, tó dúró, tó sì gbẹ síbẹ̀ láìṣàn.

Òjò kejì kún tánkì dé ọrùn. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé tò síwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo àwòrán ara ògiri. Ìlà funfun náà wà níbẹ̀ bí àpá, ó gbẹ táútáú. Kòkúmọ́ gbá ara tánkì pẹ̀lú ìkúùkù rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì fi fìlà rẹ̀ nu ojú.

"Ìyàwó, ẹ ti kọ́ mi níṣẹ́."

"Ẹni tó kọ́ mi ló dúró tì yín yẹn, ọkọ mi."

Ìyá Rodiat ti gbé korobá kalẹ̀ sórí ògiri. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, gbogbo kókó tí tánkì yìí mu, ṣé kò ní fún aládùúgbò ní ìwọ̀nba tí ó fi máa fọ ojú?"

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ wá pọn ọ́n," Mọ́nsúrátù ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó jí ire."

Ìyá Rodiat kúnlẹ̀ síwájú tánkì lóòótọ́, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí Toheebat máa lọ, ọ̀kadà ti ń kùn níwájú ilé, ọmọ náà ṣì ń yí kiri. Ó fi ìdérí bo tánkì, ó ṣí i, ó tún un bò. Ó ní kí Màámi má ṣe gbé ju korobá kékeré lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí Àǹtí Fadékẹ́mi máa wo ìlà yẹn. Ó ní tí ìbàdí bá ń dun Màámi—

"Toheebat," ni Mọ́nsúrátù wí, "omi wà nílé. Máa lọ."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ọrùn tó ti san, ó gbàdúrà fún un ní kúkúrú. Toheebat dìde, ó gun ọ̀kadà, ó gbé báàgì sórí itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Ọ̀kadà yí sójú ọ̀nà Ayétòrò. Mọ́nsúrátù gbé ọwọ́ sókè, ó ń dúró kí ọmọ òun yíjú kó lè jù ú sí i. Ẹ̀yìn Toheebat nà gan-an lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ wà níwájú. Ó kọjá ìdí ọsàn, ó kọjá mọ́ṣáláṣí, ó wọ ibi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀ òkè, kò sì wẹ̀yìn.